Èèyàn mẹ́jọ, páàdì mẹ́ta: báwo la ṣe ń pín tíìmù nínú Overcooked 2?

GààríÌjẹ̀bú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo gbé wá, ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ọdọọdún ni gbogbo ẹbí wa máa ń kóra jọ sílé bàbá wa àgbà n'Ìjẹ̀bú-Òde fún Iléyá. Lọ́dún tó kọjá mo gbé ẹ̀rọ géèmù PS4 mi dání, mo sì ra Overcooked 2 sórí ẹ̀, mo ní yóò dá wa lára yá. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, géèmù oúnjẹ sísè ni, ọdún 2018 ló jáde. Èèyàn mẹ́rin ló lè ta á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo yín wà nínú ilé ìdáná kan, ọ́dà ń tò wọlé lókè tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó gé ẹja, ẹ ó se ìrẹsì, ẹ ó fọ àwo, ẹ ó gbé oúnjẹ síta kí àkókò tó tán. Ilé ìdáná ọ̀hún kì í sì í dúró lójú kan. Òmíràn léfòó lórí omi, òmíràn wà nínú bàlúùnù tó ń já bọ̀ látojú ọ̀run.

Ìjà ló dà. Èmi ni mo ń pàṣẹ. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá àwo kan mú, kò fi sílẹ̀ títí aago fi dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan páàdì láyé ẹ̀, àwo fífọ̀ ni mo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi páàdì lélẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ tinú ilé tán ni, òun ò ní fọ ti inú tẹlifíṣọ̀n kún un. Àwọn mẹ́rin yòókù jókòó tì wá, wọ́n ń pariwo lé wa lórí.

Lọ́dún yìí mo fẹ́ ṣètò ẹ̀. Mẹ́jọ ni wá: mẹ́ta mọ̀ ọ́n ta dáadáa, méjì mọ̀ ọ́n díẹ̀, méjì ò mọ nǹkan kan, ẹni kẹjọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Páàdì mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀, ọ̀pá ìdarí ẹ̀ máa ń fà sósì fúnra ẹ̀. Ọjọ́ kejì Iléyá la fẹ́ ta á, torí pé tó bá di ọjọ́ kẹta, tíí ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, ta ló máa jókòó sílé? Báwo ni kí n ṣe pín wọn? Ṣé ibi tí géèmù fúnra ẹ̀ ti ń pín tíìmù méjì ni kí n lò, àbí kí n dá ọgbọ́n tèmi?

Àjàlá

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ jàre ẹ. Kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ná, ká tó sọ ti tíìmù.

Ọ̀tayò_Ẹ̀gbá

Àbúrò, mo ti ní ilé géèmù n'Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ páàdì ni kó o kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀.

Overcooked 2 gbà kí èèyàn méjì pín páàdì kan. Ọ̀kan á di apá òsì mú, ìyẹn ọ̀pá òsì pẹ̀lú bọ́tìnì L1 àti L2. Èkejì á di apá ọ̀tún, ọ̀pá ọ̀tún pẹ̀lú R1 àti R2. Níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́, ó máa fi hàn yín bẹ́ ẹ ṣe máa pín in. Páàdì méjì tó dáa tó fún èèyàn mẹ́rin nìyẹn. Èyí tó ń fà sósì yẹn, dì í sínú àpò. Mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí irú páàdì bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá pàdánù á ní páàdì ni, ẹni tó bá jẹ á ní irọ́ ni.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má ṣe bí gbogbo ayé ṣe máa ń ṣe é, pé kí àwọn ọ̀pẹ̀ méjì pín ọ̀kan. Páàdì pínpín le fún ẹni tí kò tíì mọ ibi tí L1 wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kó pín in, kí ọ̀pẹ̀ gba odidi. Tí PS4 bá sì bi yín pé ta ló ń lo páàdì yìí, ẹ ní àlejò ni. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì fún gbogbo ẹbí.

Lórí ti tíìmù, géèmù náà ní ibi tí èèyàn méjì ti ń bá èèyàn méjì díje, wọ́n ń pè é ní Versus. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tíìmù méjèèjì ń ta á lójú tẹlifíṣọ̀n kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pẹ̀ ò sì ní mọ apá ibi tí òun ń wò mọ́. Mẹ́rin mẹ́rin ni kẹ́ ẹ pín in, kí tíìmù kìíní ta ilé ìdáná kan, kí tíìmù kejì ta ọ̀kan náà lẹ́yìn wọn, kẹ́ ẹ wá wo ta ló pa owó jù. Àwọn tí kò ta á lọ́wọ́, ẹ fún wọn níṣẹ́ olùwòran, kí wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí ayò. Tíìmù tó ń ta á kò ní í dá wọn lóhùn.

GààríÌjẹ̀bú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ ti páàdì pínpín yìí láyé mi, ó sì ti tó ọdún kan tí mo ti ra géèmù náà.

Ìbéèrè kan: tíìmù tó ta á kejì ti wo ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń là. Ṣé kò ní di ẹjọ́?

Kọ̀ǹpútàNìkan

Ó máa di ẹjọ́ dájú. Ohun témi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe nìyí: tíìmù méjèèjì á kọ́kọ́ ta ilé ìdáná yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìka owó ẹ̀. Ìyẹn ni ìmọ́wọ́. Lẹ́yìn náà la wá ń kà á, ẹ̀ẹ̀mejì fún tíìmù kọ̀ọ̀kan, a ó sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ilé ìdáná kìíní ló máa gbẹ̀yìn nínú ìkejì. Ìdí tá a fi ń ta á lẹ́ẹ̀mejì ni pé ọ́dà kì í tò bákan náà nígbà gbogbo. Ó lè bọ́ sí i fún tíìmù kan pé oúnjẹ tó rọrùn ló ń wọlé ṣáá.

Nǹkan míràn tó o gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó dé: tìràwọ̀ tìràwọ̀ ni ìpele ń ṣí nínú ìtàn géèmù náà. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Iléyá lo máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi kan náà lẹ ó máa pààrà. Jókòó pẹ̀lú àbúrò ẹ lálẹ́ méjì mẹ́ta, ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ máa lò sílẹ̀.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa pín iṣẹ́, èmi ò gba ti pé kí ẹnì kan máa gé, kí ẹnì kan máa fọ̀. Kí kálukú mú ọ́dà kan, kó gé e, kó sè é, kó gbé e jáde fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró de ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa bínú sẹ́nikẹ́ni.

ÀbíkẹÀdògán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀.

Kọ̀ǹpútàNìkan, èèyàn méjì ni ìwọ fi ń ta tìẹ, àbí mo parọ́? Nínú ilé ìdáná tó bá tẹ́jú, fún èèyàn méjì, ohun tó o sọ ṣeé ṣe. Èèyàn mẹ́rin ni kó máa gé ẹja lórí pákó méjì, kí wọ́n máa fara gbára? Ṣó o rántí pé tó o bá sáré gba ara ẹlòmíràn kọjá nínú géèmù yẹn, o máa tì í ni? Mo ti rí ẹni tí wọ́n tì sínú omi tòun ti oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ilé ìdáná náà bá wá là sí méjì, tí ìrẹsì wà lápá kan, tí iná wà lápá kejì, báwo ni ẹnì kan ṣe fẹ́ dá ọ́dà kan ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun témi rí. Ìyá mi ń se oúnjẹ òde n'Ìbàdàn. Ìdí àdògán ni mo dàgbà sí. Lóde tó bá kún, ẹni táwọn aráàlú rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tó ń ro ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó dúró síbi tí oúnjẹ ń gbà jáde ni. Òun ló ń rí tábìlì tó ti jẹ àtèyí tí kò tíì jẹ. Òun ló ń ké sẹ́yìn pé “Ogún àwo ìrẹsì! Ẹ dá mọ́ínmọ́ín dúró ná!” Àwọn tó wà nídìí iná ò rójú òde, ohùn ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tí ohùn méjì bá ń ti ibẹ̀ wá, oúnjẹ ti bà jẹ́ nìyẹn.

Bí owó ṣe ń wọlé nínú géèmù yìí náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń gbé oúnjẹ jáde bí ọ́dà ṣe tò, láti òsì lọ sọ́tùn-ún, tíìpù yín á máa di ìlọ́po, títí tó fi máa dé ìlọ́po mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, tẹ́ ẹ gbé ti ẹ̀yìn jáde ṣáájú ti iwájú, ìlọ́po yẹn já, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ́dà tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kú sórí ìlà, wọ́n á yọ owó yín. Torí náà tíìmù tó ń sè wàràwàrà láìwo òkè, tíìmù tó ń sè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó sì ń tò ó lè jẹ wọ́n mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, GààríÌjẹ̀bú, nínú mẹ́rin, kọ́kọ́ yan ẹni tó máa dúró sójú fèrèsé tí oúnjẹ ń gbà jáde. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ka ọ́dà sókè, kó kó oúnjẹ sáwo, kó gbé e jáde. Yàn án nítorí ohùn ẹ̀ àti ìfarabalẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe nítorí ọwọ́ ẹ̀. Ẹni kejì á wà nídìí pákó, ẹni kẹta nídìí iná. Ẹni kẹrin, tíí ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, kò ní ibùjókòó. Ibi tó bá yọ ló máa dí: ìrẹsì tó fẹ́ jó, àwo tó ti tán, iná tó ti ràn.

Tí mo bá sì ka ọ̀rọ̀ ẹ dáadáa, ìwọ fúnra ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pè.

Àjàlá

Ó ti wọlé fún un 😂

Ọ̀tayò_Ẹ̀gbá

Àbíkẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá ẹ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí ọ̀tayò má pè. Ẹni tó mọ ilé ìdáná yẹn ló mọ̀ pé ilẹ̀ máa là láìpẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á máa ka ọ́dà tó wà lójú ẹ̀, kò ní rí èyí tó ń bọ̀. Tíìmù tó ń jẹ jù lọ́dọ̀ mi, ọ̀gá wọn ló ń pè.

ÀbíkẹÀdògán

Ẹ̀gbọ́n, àwọn yẹn ń ta á lójoojúmọ́. Ẹbí tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún la ń sọ. Tí ọ̀tayò bá ń pè, ó máa di pé òun náà ló ń ṣe é, torí kò ní lè dúró de ọ̀pẹ̀. Á já àwo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí ìjà ọjọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

GààríÌjẹ̀bú

Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Èmi náà mọ̀ pé ohùn mi ga.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí ti àwo fífọ̀. Ta ló máa fọ̀ ọ́? Mi ò lè ki ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Kọ̀ǹpútàNìkan

Mo gbà fún Àbíkẹ́ lórí ti èèyàn mẹ́rin. Òótọ́ ni, èèyàn méjì méjì la fi máa ń ta tiwa.

Ti àwo: iye kan péré ni àwo tó wà nínú ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, èyí tí oníbàárà bá ti jẹun tán nínú ẹ̀ máa ń padà wá ní ìdọ̀tí. Tí kò bá sí mímọ́ nílẹ̀, oúnjẹ tó jinná á dúró sínú ìkòkò títí á fi jó. Nítorí náà iṣẹ́ ọmọọ̀dọ̀ kọ́ o, ẹni tó wà ní síǹkì ló di ọ̀nà mú. Ẹ jẹ́ kó máa yí. Ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn ló máa fọ̀ ọ́, kí orúkọ ẹ̀ sì ti wà lórí ìwé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí síǹkì bá súnmọ́ fèrèsé, ẹni tó ń pè lè fi kún tiẹ̀.

MàmáTèmi

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ti ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, torí mo ní ọ̀kan nílé.

Ẹ má fún un ní fèrèsé, kò tíì mọ̀wé kà lọ tààrà, kò sì ní ní sùúrù láti wo òkè. Ẹ má fún un níná. Jíju nǹkan ni kẹ́ ẹ fún un. Nínú Overcooked 2, o lè ju ẹja, kùkúńbà, ohunkóhun tí kò tíì sè, láti apá kan sí apá kejì. Àwo àti oúnjẹ tó ti jinná ni wọn kì í jù. Tó o bá fojú sùn ún dáadáa, ó máa bọ́ sínú ìkòkò tààrà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti là, ọmọ tó dúró sápá ibi tí àpótí ẹja wà, tó ń jù ú sódì kejì, ó ti ṣe iṣẹ́ àgbà méjì. Tèmi máa ń ju ẹja lù mí lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sunkún rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ń jù yìí tó o.

Iṣẹ́ kejì tó fẹ́ràn: tí iná bá ràn, òun ni páńápáńá. Ó mọ ibi tí agolo ìpaná wà ju èmi lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó ti ń dúró kí iná ràn.

ỌmọPeckham

GààríÌjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ò sí nínú mẹ́jọ yẹn ni? 😭 Mi ò lè wálé lọ́dún yìí. Mo ní Overcooked 2 lórí Switch mi, ẹ̀rọ géèmù ti Nintendo, níbí ní London. Ṣé mo lè wọlé bá yín látibí?

GààríÌjẹ̀bú

Àbúrò mi nìyẹn o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá wa wò ó, ṣé Switch lè bá PS4 ta á?

Kọ̀ǹpútàNìkan

Kì í ṣe pẹ̀lú Overcooked 2 tẹ́ ẹ ní. Ti Switch ò lè bá ti PS4 pàdé níbẹ̀. Èyí tó gbà á ni Overcooked! All You Can Eat. Wọ́n kó ti àkọ́kọ́ àti ìkejì pọ̀ síbẹ̀, ó ti wà fún PS4 àti Switch láti 2021, ẹ̀rọ yòówù kí kálukú ní, ẹ lè jọ ta á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa tún un rà, PS4 sì máa béèrè PS Plus, ìyẹn owó àsansílẹ̀ wọn, kó tó gbà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tó bá ní kọ̀ǹpútà, ọ̀nà míràn wà. Steam, ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Remote Play Together. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ra géèmù, á ṣí i sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, á pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó wà lókèèrè á máa rí àwòrán, á sì máa tẹ bọ́tìnì bíi pé ó jókòó tì í. Àwòrán ló ń sáré lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é, torí náà ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáa jù ni kó gbàlejò. Láàárín yín, London ló máa gbà á nìyẹn.

Ẹni tó bá wà lókèèrè, ọwọ́ ẹ̀ á máa pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn. Ẹ má fún un níbi tí ìrẹsì ti lè jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Pákó ni kẹ́ ẹ fún un. Ó kàn máa dúró síbẹ̀, á máa gé.

ỌmọPeckham

Kọ̀ǹpútà tí mò ń lò, tibi iṣẹ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi nítorí àlùbọ́sà.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn Ghost Town Games tó ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n wà, ní Cambridge, àwọn méjì ló dá a sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2016 gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA méjì ní 2017. Ọ̀kan jẹ́ ti géèmù tó dáa jù fún ẹbí. Ẹ wo ẹbí wa.

MàmáTèmi

All You Can Eat yẹn náà ní ibi tí wọ́n ti lè fi kún àkókò, kí ọ́dà má sì tètè kú. Assist Mode lórúkọ ẹ̀. Òun la fi ń ta á nílé wa. Tí ọ̀pẹ̀ bá pọ̀, ó tó rà nítorí ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ má tàn án fún tíìmù kan kẹ́ ẹ pa á fún èkejì o, ẹjọ́ ẹ̀ kì í tán.

Àjàlá

Iná ńkọ́? Gbogbo ètò tẹ́ ẹ ń tò yìí, tí iná bá lọ láàárín ìpele, ta ló jẹ?

Ọ̀tayò_Ẹ̀gbá

Àjàlá bi ìbéèrè tó dáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Òfin ilé géèmù mi: tí iná bá lọ, ìpele yẹn kò sí, a ó tún un ta. Kì í ṣe ẹni tó ń lé lọ nígbà yẹn ló jẹ. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Tí ìnfátà bá wà, PS4 àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i, ẹ yọ fíríìjì. Ẹran Iléyá ti wà nínú ìkòkò.

GààríÌjẹ̀bú

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ohun tí mo mú níbẹ̀: mẹ́rin mẹ́rin, ilé ìdáná mẹ́ta, ìmọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó di kíkà, páàdì méjì pínpín. Àwọn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n, mo pín wọn: èmi wà níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ méjì àti ẹnì kan tó mọ̀ díẹ̀, àwọn méjì yòókù wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà àti ẹnì kan tó mọ̀ díẹ̀. Tíìmù tèmi ń jẹ́ Ìkọ́kọrẹ́, tiwọn ń jẹ́ Àmàlà, torí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, kò sì gbà kí wọ́n jẹ́ orúkọ míràn. Mo máa padà wá jábọ̀.

ÀbíkẹÀdògán

Ta ló ń pè nínú Ìkọ́kọrẹ́?

GààríÌjẹ̀bú

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́. Kì í ṣe èmi.

*Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá*

GààríÌjẹ̀bú

Ẹ kú ọdún o! Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ojúde Ọba, lẹ́yìn náà orí fífọ́, lẹ́yìn náà ìrìn àjò padà s'Ékòó.

Mo fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sójú fèrèsé. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní kò sí àwo fífọ̀ níbẹ̀, ó ní kí n fi Kùránì búra. Ó jókòó. Ìmọ́wọ́ wa àkọ́kọ́, a ò gbé ju oúnjẹ méjì lọ jáde, torí ó ń ka ọ́dà náà wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé ó ń ka ìwé ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún un pé kó ṣe é bó ṣe máa ń pe àwọn ọmọ ẹ̀ wọlé lálẹ́. Ẹ̀yin ará, gbogbo àdúgbò gbọ́. “Ẹja kan! Ẹja kan! Kùkúńbà, mo ní kùkúńbà, ìwọ tó o dúró síbẹ̀ yẹn!” Ìlọ́po mẹ́rin ni tíìpù wa wà láti ìdajì títí dópin. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mò ń ta á fúnra mi.

Ilé ìdáná kìíní, àwa 416, àwọn 388. Èkejì, tíí ṣe èyí tó léfòó lórí omi, wọ́n lù wá bí ẹní máa kú. Ọmọ yẹn ni. Ó dúró sápá kan, ó ń ju ẹja láìsinmi, àbúrò mi sì wà lódì kejì tó ń gé e. Kò sẹ́ni tó rìn káàkiri nínú wọn. Ní tiwa, èmi tó yẹ kí n máa dí ibi tó bá yọ, mo ṣubú sómi lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò sọ iye owó wa.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tayò, ẹ̀yin náà jàre díẹ̀. Nínú Àmàlà, àbúrò mi tó mọ̀ ọ́n jù ló ń pè, ó sì rí ìgbà tí ilẹ̀ máa là kó tó là. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná kẹta, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó já àwo gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì. Ọmọ Ìbàdàn yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ìkòkò ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó títí iná fi ràn. Ọmọ wa sì ti sáré gbé agolo ìpaná pẹ̀lú ìdùnnú. Àwa la jẹ ìyẹn.

ÀbíkẹÀdògán

Mi ò ní sọ nǹkan kan.

Ọ̀tayò_Ẹ̀gbá

Sọ ọ́, mo ti jókòó.

ỌmọPeckham

Wọ́n fi fídíò iná yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo wò ó nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi, páàdì tó ń fà sósì yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ dì í sínú àpò lóòótọ́?

GààríÌjẹ̀bú

Ó wà lọ́wọ́ bàbá wa àgbà. Nígbà tá a jáde lọ Ojúde Ọba ni wọ́n ní ká ṣí géèmù náà sílẹ̀ fún àwọn. Nígbà tá a dé, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn ò tẹ nǹkan kan, wọ́n ń wo alásè yẹn bó ṣe ń dá rìn lọ sápá òsì títí tó fi máa já sómi, tó sì tún máa yọ padà. Wọ́n ní ká má tíì pa á, pé ó máa tó mọ̀nà.